Mọ́tò Òǹkà Inú Pínbọ́ọ̀lù Àtijọ́ àti Bí A Ṣe Ń Tún Un Ṣe

Bí bọ́ọ̀lù irin bá kọlu ibi tó tọ́ sí àmì 50 lórí pínbọ́ọ̀lù àtijọ́, agogo inú àpótí rẹ̀ kì í dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni yóò dún, àlàfo àárín wọn á dọ́gba, àgbá òǹkà tó wà lókè náà á máa sún ní mẹ́wàá mẹ́wàá títí yóò fi pé 50. Kò sí kọ̀ǹpútà nínú àpótí yẹn. Kò sí ẹ̀yà kankan níbẹ̀ tó mọ̀ pé mẹ́wàá lọ́nà márùn-ún jẹ́ àádọ́ta. Mọ́tò kékeré kan tó wà nísàlẹ̀ àpótí ló ń ka iye náà, ohun tó sì fi ń kà á ni àwọn ibi tó yọ gọngọ ní etí àwọn àwo tó ń yí. Ọjọ́ tí yíyí yẹn bá yẹ̀, eré ti dàrú nìyẹn.

Mo fẹ́ràn mọ́tò yìí ju gbogbo ẹ̀yà yòókù lọ, ó sì máa ń dùn mí bí mo bá rí i tí wọ́n sọ ọ́ nù pé ó ti kú. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní òkú kò kú rárá. Gíríìsì tí wọ́n fi sí i lára nígbà tí wọ́n ṣe é ló ti gan mọ́ ọn nínú. Àwọn tó jẹ lóòótọ́ náà, àwọn tí búùṣì wọn ti fẹ̀ tàbí tí eyín gíà wọn ti pẹ́lẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ṣe é tún ṣe lórí tábìlì, bí ènìyàn bá ní irinṣẹ́ díẹ̀ àti sùúrù púpọ̀.

Chicago ni wọ́n ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí. Gottlieb, Williams àti Bally, ìlú kan náà ni gbogbo wọn wà. Nígbà tí David Gottlieb gbé Baffle Ball jáde ní 1931, kò sí iná nínú rẹ̀. Ènìyàn á ta bọ́ọ̀lù sókè, á wá máa wo ihò tí yóò kó sí. Ní 1947, ilé-iṣẹ́ kan náà gbé Humpty Dumpty jáde, níbi tí Harry Mabs ti fi apá mẹ́fà tí iná ń gbé sí i, kí ẹni tó ń ṣeré lè máa gbá bọ́ọ̀lù padà sókè. Láti ìgbà náà ni eré yìí ti di ti ẹni tó mọwọ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba ìlú New York kò gbà bẹ́ẹ̀: tẹ́tẹ́ ni wọ́n kà á sí, wọ́n sì fòfin dè é láti 1942 títí di 1976. Nígbà tó di 1977, Gottlieb bẹ̀rẹ̀ sí í fi máíkíròpúrósẹ́sọ̀ ka àmì lórí Cleopatra, kò sì pẹ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Chicago fi pa mọ́tò òǹkà tì. Èyí tó kéré jù lọ́jọ́ orí nínú àwọn mọ́tò tí mò ń sọ yìí ti ń lọ sí àádọ́ta ọdún báyìí, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ tí Pacific Pinball Museum ní Alameda, ní California, bá ṣílẹ̀kùn, àti ní Pinball Hall of Fame ní Las Vegas, yàtọ̀ sí àìmọye tó wà nínú ilé àwọn ènìyàn.

Kí a tó lè tún un ṣe, ó yẹ kí a mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ yọ gíláàsì orí ẹ̀rọ náà, ẹ gbé pátákó ìṣeré sókè, ẹ ó rí pátákó mìíràn tó tẹ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí, tí wáyà aláṣọ aláràbarà àti oríṣiríṣi rílè, ìyẹn súìsì tí òòfà iná ń mú, kún orí rẹ̀ bámúbámú. Àárín wọn ni mọ́tò òǹkà jókòó sí. Mọ́tò gan-an kò tóbi. Irin pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra ni, kọ́ìlì kan tí wọ́n wé mọ́ ọn, àti rótọ̀ tó ń yí láàárín irin náà láìfara kàn án. Kò ní kábọ́ọ̀nù tí yóò máa jẹ, kò sì ní kàpásítọ̀. Òrùka bàbà tí wọ́n kì bọ apá kan irin náà ló ń mú kí agbára òòfà ibẹ̀ pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ti apá kejì, pípẹ́ díẹ̀ yẹn ló sì ń fa rótọ̀ lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Irú mọ́tò báyìí kì í tètè bàjẹ́, ṣùgbọ́n agbára tó fi ń gbéra kéré púpọ̀. Ohun tó bá fà á sẹ́yìn díẹ̀ ti tó láti dá a dúró. Kókó yìí ni kí ẹ fi sọ́kàn, torí òun ló fa ìdajì gbogbo àìsàn rẹ̀.

Rótọ̀ ń yí ju ẹgbẹ̀rún ìgbà lọ ní ìṣẹ́jú kan. Inú àpò gíà tó lẹ̀ mọ́ mọ́tò ni ìyára yẹn ti ń rọlẹ̀: gíà kékeré á yí ńlá, ńlá á gbé e fún kékeré mìíràn, títí tí yóò fi dé ọ̀pá tó jáde síta. Orí ọ̀pá yìí ni wọ́n to àwọn àwo róbótó sí. Etí àwo kọ̀ọ̀kan ní ibi tó yọ gọngọ àti ibi tó jin, bó bá sì ti ń yí lọ, ó ń gbé ewé súìsì sókè, ó ń sọ ọ́ sílẹ̀. Ewé wọ̀nyí jẹ́ idẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ojú fàdákà ní ṣóńṣó, wọ́n sì tò wọ́n léra wọn, ó lè tó mẹ́fà tàbí mẹ́jọ ní ojú kan.

Ti Gottlieb ni mo fẹ́ràn jù láti fi ṣàlàyé, torí ètò rẹ̀ mọ́ kedere. Ọ̀pá náà kì í yí po tán kó tó dúró. Ìdá kan nínú mẹ́ta yíyípo, ìyẹn dígírì 120, ni iṣẹ́ kan, láàárín rẹ̀ sì ni àwo kan ti ń gbé ewé súìsì rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ wá wo àmì 50 yẹn: bọ́ọ̀lù kọlu ibi àfojúsùn, rílè kan mú, ó sì di ara rẹ̀ mú kó má baà tú. Rílè yìí ló tan mọ́tò. Bí mọ́tò ti ń yí, súìsì ẹlẹ́ẹ̀marùn-ún ń fi iná ránṣẹ́ sí rílè àmì 10, rílè àmì 10 ń lu agogo, ó sì ń ti àgbá òǹkà. Nígbà tó bá pé márùn-ún, àwo mìíràn á ṣí súìsì tó ń di rílè àkọ́kọ́ mú, ìyẹn á tú, mọ́tò á rìn díẹ̀ sí i títí súìsì ilé yóò fi bọ́ sínú kòtò àwo tirẹ̀. Iná á gé, mọ́tò á dúró sójú ilé, á máa retí iṣẹ́ mìíràn.

Àmì 10 lásán kò fi ti mọ́tò ṣe. Bọ́ọ̀lù á kàn án, rílè á mú, ó parí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ eré tuntun, mọ́tò ló ń fi iná ránṣẹ́ léraléra kí gbogbo àgbá òǹkà tó padà sí òdo, bọ́ọ̀lù bá sì bọ́ sí ihò ìsàlẹ̀, mọ́tò ló ń ṣètò bí ẹ̀rọ yóò ṣe ka bọ́ọ̀lù yẹn kó tó ti òmíràn síta.

Ẹ̀sùn tí mo gbọ́ jù nípa rẹ̀ ni pé kò dákẹ́. Wọ́n tẹ bọ́tìnì ìbẹ̀rẹ̀, mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó ń yí, ó ń yí. Àwọn kan á ti máa wá mọ́tò mìíràn rà. Ẹ má dá a lẹ́bi. Mọ́tò tó ń yí dáadáa kò bàjẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́, kò sì tíì rí ẹni sọ fún un pé ó ti tó. Lára àgbá òǹkà kọ̀ọ̀kan, súìsì kan wà tó ń yí ipò padà nígbà tí àgbá bá dé òdo. Bí ewé súìsì yẹn bá ti wọ́, tàbí ojú rẹ̀ dọ̀tí, tàbí tí àgbá kan gan lójú ọ̀nà tí kò dé òdo, ẹ̀rọ náà á gbà pé iṣẹ́ kò tíì parí, mọ́tò á sì máa bá a lọ. Ẹ kọ́kọ́ yẹ àgbá wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn wọn ni kí ẹ wo àwọn rílè, bóyá ọ̀kan lẹ̀ mọ́lẹ̀ tí kò tú. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń parí sí, ẹ kò sì ní fọwọ́ kan mọ́tò rárá.

Mọ́tò tó ṣàìsàn lóòótọ́ máa ń fi ara hàn lọ́nà mìíràn. Ó lè máa fà, kí agogo tó yẹ kó dún kíákíá máa dún lọ́ra lọ́ra. Ó lè yí dáadáa nígbà tó bá tutù, kó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn eré díẹ̀. Ó lè máa han bí irin tó ń ha irin. Ó lè ré kọjá ojú ilé, kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé yóò máa kùn, kò sì ní yí. Ẹni tó bá ti ní fáànù orí tábìlì tó gbó rí mọ èyí dáadáa: ẹ tan iná sí i, ó ń kùn, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ dúró, àfi bí ẹ bá fi ìka tì í ni yóò tó gbéra. Búùṣì ló gbẹ. Àìsàn kan náà ni. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé inú àpótí ni mọ́tò òǹkà wà, kò sẹ́ni tó ń rí i. Ó lè máa kùn níbẹ̀ títí kọ́ìlì rẹ̀ yóò fi gbóná tí yóò sì jó. Bí ẹ bá gbọ́ kíkùn láìsí yíyí, ẹ yọ ọ́ kúrò lójú iná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ fa púlọ́ọ̀gì yọ ni mo wí o. Kì í ṣe kí ẹ kàn pa súìsì, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ wà tí iná ilé ṣì máa ń wà nínú apá kan wọn bí a tilẹ̀ pa súìsì.

Ẹ má tíì tú u. Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá oúnjẹ rẹ̀ ń pé e. Mọ́tò ọ̀pọ̀ Gottlieb àwọn ọdún 1960 sí 1970 ń jẹ nǹkan bí fọ́ọ̀tì 24, iná AC. Ẹ̀rọ míì wà tí iná ilé ló ń yí mọ́tò rẹ̀, nítorí náà ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ àti àwòrán wáyà kí ẹ tó gbé mítà síbẹ̀. Bí fọ́ọ̀tì tó dé ẹsẹ̀ mọ́tò nígbà tó ń tiraka láti yí bá kéré jù, ibòmíràn ni àìsàn wà: ilé fíúsì tó ti dípẹtà, púlọ́ọ̀gì inú tó ti ṣí, tàbí ibi tí òjé tí wọ́n fi jó wáyà ti sán. Mo ti rí ilé fíúsì tí idẹ rẹ̀ dúdú tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ẹ̀rọ fi ń rẹ̀wẹ̀sì, tí wọ́n sì ti fẹ́ sọ mọ́tò tó pé pérépéré nù nítorí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà fún àwọn ènìyàn wa tó bá ra irú ẹ̀rọ yìí láti Amẹ́ríkà wá sí London, tàbí tí wọ́n gbé e wálé. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ 60 Hertz. Ti Bíríténì àti ti Nàìjíríà jẹ́ 50. Tíránsífọ́mà tí ẹ fi rẹ fọ́ọ̀tì sílẹ̀ kò lè yí èyí padà. Ìyára irú mọ́tò yìí sì ń tẹ̀lé Hertz iná tó ń jẹ, nítorí náà tí wọ́n bá ṣe é fún 60, ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà ìyára rẹ̀ ni yóò máa lò lórí iná 50, yóò sì máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ á máa fọ gíríìsì, á máa pààrọ̀ búùṣì, mọ́tò kò sì ní yára. Gottlieb ta ẹ̀rọ púpọ̀ sí Yúróòpù, irú èyí tí wọ́n ṣètò fún 50 Hertz. Bí ẹ bá ní àǹfààní láti yàn, irú yẹn ni kí ẹ rà.

Bó bá wá dájú pé mọ́tò ni, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ láti ọ̀nà gbogbo kí ẹ tó tú súkúrù kan. Ẹ fi ohun mímú fa ìlà tín-ín-rín láti orí ọ̀pá mọ́tò wá sórí ibi tí àwọn àwo ti dì mọ́ ọn, kí ìlà méjèèjì lè bá ara wọn mu nígbà tí ẹ bá ń dá a padà. Bí àwo bá yẹ̀ díẹ̀ sí ìlà yìí, gbogbo súìsì yóò máa ṣí ṣáájú tàbí lẹ́yìn àsìkò, ẹ ó sì máa wá àìsàn tí kò sí tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yọ́ òjé wáyà méjèèjì tó lọ sára kọ́ìlì, kí ẹ tú mọ́tò sílẹ̀ láìfọwọ́ kan ewé súìsì kankan.

Àpò gíà ni kí ẹ ṣí lórí aṣọ funfun. Mo ní ìdí tí mo fi ní funfun: wọ́sà tẹ́ẹ́rẹ́ bí awẹ́ ìwé máa ń wà lórí ọ̀pá gíà kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì máa ń lẹ̀ mọ́ ìdérí, wọn á jábọ́ nígbà tí ọkàn yín kò sí níbẹ̀. Wọ́sà yìí ló ń dá gíà dúró sí àyè rẹ̀. Ẹ yọ wọ́n tẹ̀lé bí wọ́n ṣe tò, ẹ tò wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nǹkan tí ẹ ó bá níbẹ̀ ni gíríìsì tó ti dá ara rẹ̀ sílẹ̀. Òróró inú rẹ̀ ti gbẹ lọ láti ọdún yìí wá, ohun tó ṣẹ́kù jẹ́ pupa rúsúrúsú, ó le, ó lẹ̀ mọ́ ìdí eyín gíà kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi èékánná họ ọ́, kò ràn án. Bí ẹ bá tẹ gíà kan síhìn-ín sọ́hùn-ún, ẹ ó rí i pé kò ní ju kí ó mì lọ. Mọ́tò tí agbára ìgbéra rẹ̀ kò tó nǹkan ni wọ́n ní kó fa ìyẹn! Àwọn kan á mú ọ́ìlì tín-ín-rín inú agolo tí wọ́n ń fọ́n, irú èyí tí wọ́n fi ń tú bóòtù tó dípẹtà, wọn á fọ́n ọn sí i láti ìta láìtú u. Mọ́tò á yí lọ́jọ́ yẹn. Inú wọn á dùn. Ọ́ìlì yẹn á rọ gíríìsì òkè díẹ̀, á gbẹ láàárín àkókò díẹ̀, á sì fi ohun tó le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ sílẹ̀. Èyí tó sì tún burú ni pé yóò ta sí ojú súìsì. Mi ò fara mọ́ ọn rárá.

Ẹ fi igi ìtayín ha ìdọ̀tí kúrò láàárín eyín kọ̀ọ̀kan. Igi ni, kì í ṣe irin, torí idẹ rọ̀. Gíà onírin àti onídẹ ṣe é rẹ sínú kẹrosíìnì, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́. Gíà tó bá jẹ́ irú aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, ẹ má rẹ ẹ́. Ẹ kàn fi aṣọ tó tutù díẹ̀ fún sípíríìtì nù ún. Ẹ má jẹ́ kí kẹrosíìnì kan kọ́ìlì. Ẹ ṣí fèrèsé, kí iná kankan má sì sí nítòsí. Lẹ́yìn kẹrosíìnì, sípíríìtì ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ kẹ́yìn kí ọ̀rá má ṣẹ́kù, torí gíríìsì tuntun kì í di ibi tí kẹrosíìnì bá wà mú.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti mọ́ ni ẹ tó lè mọ èyí tó jẹ lóòótọ́. Ìdọ̀tí máa ń bo ìjẹ mọ́lẹ̀, ó sì máa ń pa irọ́ mọ́ ọn pẹ̀lú. Ẹ mú rótọ̀ wá sójú ìmọ́lẹ̀, kí ẹ yí i wò. Àlàfo àárín rótọ̀ àti irin tó yí i ká tín-ín-rín gan-an, ó yẹ kí ara rótọ̀ rí bákan náà yíká. Bí ẹ bá rí ojú kan tó ń dán gbinrin, tí ó ní ìlà ìfàháha, rótọ̀ ti ń kan irin nìyẹn. Búùṣì ti fẹ̀. Ẹ dá ọ̀pá padà sínú búùṣì láìfi ọ́ìlì sí i, ẹ dì í mú ní ṣóńṣó, ẹ tì í sọ́tùn-ún sósì. Bí ọwọ́ yín bá gbọ́ ọ tó ń kọ̀ kọ̀, ó ti kọjá ibi tí ọ́ìlì lè ràn lọ́wọ́. Ihò náà kì í fẹ̀ dọ́gba. Apá ibi tí ìwúwo àti fífà gíà ń tẹ̀ sí ló máa ń jẹ, nítorí náà ó ti gùn, kò róbótó mọ́. Ẹ fi mágínífáyà wò ó, ẹ ó rí i kedere.

Búùṣì wọ̀nyí kì í ṣe idẹ lásán. Lẹ́búlẹ́bú idẹ ni wọ́n tẹ̀ pọ̀ tí wọ́n sì yan, kí ihò wínníwínní lè wà nínú rẹ̀ tí yóò máa fa ọ́ìlì mu, tí yóò sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pá tó ń yí. Ìdí nìyẹn tí ó fi lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láìsí ẹni tó bojú wò ó. Ìdí kan náà ló fi yẹ kí ẹ rẹ búùṣì tó ṣì dára padà sínú ọ́ìlì mọ́júmọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, torí kẹrosíìnì ti fọ ti inú rẹ̀ jáde. Èyí tó ti gùn ni ẹ ó yọ. Ẹ wọn ọ̀pá àti ilé búùṣì pẹ̀lú ohun ìwọ̀n tó péye, ẹ ra èyí tó bá wọn mu, ẹ rẹ ẹ́ sínú ọ́ìlì, kí ẹ wá fi fáìsì tẹ̀ ẹ́ wọlé ní gbọọrọ. Ẹ má fi òòlù gbá a. Bó bá há díẹ̀ mọ́ ọ̀pá lẹ́yìn tó wọlé, ẹ má ṣe fi ohun tó kú gbẹ́ inú rẹ̀, torí yóò fọ́ idẹ náà mọ́ ojú ihò wínníwínní wọ̀nyẹn, á dí wọn, búùṣì tuntun á sì di idẹ lásán tí kò lè mu ọ́ìlì. Ohun èlò tó mú ni kí ẹ lò, tàbí kí ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ní ẹ̀rọ ìgbẹ́rin. Ọ̀pá fúnra rẹ̀ ń fẹ́ àfiyèsí pẹ̀lú. Bó bá ti ní ìlà, ẹ fi yánpépà tó kúnná jù lọ dán an, nígbà tí ẹ ń yí i, títí ìlà yóò fi parẹ́. Bí ó bá ti jẹ tó bẹ́ẹ̀ tí èékánná ń kọ́ nínú rẹ̀, búùṣì tuntun kò ní tọ́jọ́ lórí rẹ̀.

Ní ti gíà, ọgbọ́n kan wà tó máa ń yà mí lẹ́nu bí àwọn ènìyàn kò ṣe ń lò ó tó. Mọ́tò yìí ń yí sí ọ̀nà kan ṣoṣo láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ojú kan eyín gíà ló ti ń ṣiṣẹ́. Ojú kejì ṣì tuntun. Bí gíà náà bá rí bákan náà ní apá méjèèjì, tí ẹ lè yọ ọ́ lórí ọ̀pá rẹ̀, ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ dá a padà. Eyín tí kò ṣiṣẹ́ rí ni yóò wá gba iṣẹ́. Kì í ṣe gbogbo gíà ló gbà bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó bá ní ẹsẹ̀ gígùn ní apá kan kò ní wọlé. Irú èyí tó bá ti jẹ ju ti àtúnṣe lọ, ara mọ́tò mìíràn ni ẹ ó ti yọ ọ́, àwọn tó ń tún ẹ̀rọ wọ̀nyí ṣe sì máa ń tọ́jú mọ́tò tó ti jó kọ́ìlì nítorí gíà inú rẹ̀.

Gíríìsì tuntun kò gbọdọ̀ pọ̀. Èyí tó fẹ́lẹ́, irú tí wọ́n ṣe fún gíà kéékèèké, ni kí ẹ fi pa ojú eyín, kó kàn bò ó. Gíríìsì táyà ọkọ̀ nípọn jù. Mọ́tò kò lágbára láti rò ó. Ọ́ìlì mọ́tò iná, ẹ̀kán kan tàbí méjì, ni kí ẹ fún búùṣì kọ̀ọ̀kan. Àwọn ewé súìsì kò fẹ́ ọ́ìlì rárá o. Nígbà tí ojú fàdákà méjì bá ń pínyà, iná kékeré máa ń tàn láàárín wọn, iná yẹn á sì sun ọ́ìlì di èéfín dúdú tí kò ní jẹ́ kí wọ́n kan ara wọn mọ́.

Kí ẹ tó dá mọ́tò padà, ẹ fi ìka ta rótọ̀. Ó yẹ kó yí fúnra rẹ̀ díẹ̀ kó tó dúró, láìha, láìdúró lójijì. Ẹ̀yìn rótọ̀ yìí náà ni kí ẹ ti máa yí i bí ẹ bá fẹ́ fi ọwọ́ rìn ín lẹ́yìn tí ẹ bá ti dè é. Ẹ má fi agbára yí àwọn àwo, torí ẹ ó fi eyín gíà gbé ẹrù tí kò lè gbé. Ẹ tò ó mọ́ ìlà tí ẹ fà, ẹ fi òjé jó wáyà padà, ẹ wá rìn ín lọ́wọ́ láti ilé dé ilé, kí ẹ máa wo ewé kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń gòkè tó sì ń sọ̀. Ibi tí àwo bá ti gbé ewé, ó yẹ kí ojú fàdákà kan ara, kí ewé kejì sì tún sún díẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀; sísún díẹ̀ yẹn ló ń nu ojú wọn. Súìsì ilé ni kí ẹ wò jù. Bí kò bá ṣí tán nínú kòtò rẹ̀, mọ́tò yóò ré kọjá, mọ́tò tuntun pàápàá yóò ré kọjá.

Lẹ́yìn èyí ni iná. Ẹ bẹ̀rẹ̀ eré, ẹ fi ọwọ́ tẹ ibi àmì 50, kí ẹ tẹ́tí. Bí agogo bá dún lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí tó ń fò, mọ́tò ti ṣe tirẹ̀. Ẹ wá ewé súìsì tí kò kan ara dáadáa, ẹ fi páálí tó mọ́ fà á láàárín ojú méjèèjì, kí ẹ tó ronú àtitẹ̀ ẹ́. Èyí tí kò ní ẹ̀sùn, ẹ fi í sílẹ̀. Mo ti rí ẹ̀rọ tí wọ́n fi fáìlì fá gbogbo ojú fàdákà rẹ̀ títí ó fi kú, nígbà tí ọ̀kan péré ló dọ̀tí.

Ẹ jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, kí ẹ wá yọ púlọ́ọ̀gì, kí ẹ sì gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ irin mọ́tò. Gbígbóná díẹ̀ kò burú, irú mọ́tò yìí máa ń gbóná. Bí ọwọ́ kò bá lè gbé e, rótọ̀ ṣì ń fa nǹkan níbì kan, ẹ tú u padà. Bó bá dára, ẹ kọ ọjọ́, irú gíríìsì àti irú ọ́ìlì tí ẹ lò sórí páálí kékeré, kí ẹ so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ mọ́tò nínú àpótí, jìnnà sí àwọn àwo tó ń yí. Gíríìsì kan wà tí kì í bá òmíràn gbé pọ̀: bí wọ́n bá pò wọ́n, wọn á dì tàbí kí wọ́n ṣàn jáde, ẹni tí yóò ṣí i lẹ́yìn yín sì gbọdọ̀ mọ ohun tó wà níbẹ̀ kó tó fi tirẹ̀ kún un.